Kí O Tó Wọ Wọ́ọ̀dù: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Ìkòròdú Tó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Tàbí Iṣẹ́ Ìlera Mìíràn

Ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Àgríkì, o ò ní rìn jìnnà kí o tó rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná: "A ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, oṣù mẹ́fà péré." Ìyá á rí i, á fa ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán lọ́wọ́, wọ́n á lọ sanwó. Wọ́n á rán aṣọ fún ọmọ náà, àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní nọ́ọ̀sì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Èmi náà gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, ilé ìwòsàn aládàáni kan ni wọ́n mú mi lọ. Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n gún ọmọ ọdún méjì kan lábẹ́rẹ́ ibà ní ìdí. Mo gún un. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gbé e padà wá, ọmọ ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé iṣan ìmọ̀lára ńlá kan gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, àti pé iwájú itan la ti máa ń gún ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ yẹn fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Ìyá rẹ̀ ò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n kọ́ yín ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo lọ tún Físíìsì tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣe.

Nítorí ìbéèrè ìyá yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí o bá ń gbé ní Ìkòròdú, ní Ìgbógbó, ní Ìmọ̀tà tàbí lọ́nà Odógúnyàn, tí ọkàn rẹ sì wà nínú iṣẹ́ ilé ìwòsàn, jókòó kí o kà á dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ orúkọ iṣẹ́ tí o fẹ́, kí o sì mọ àjọ tó ni ín

Gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun nílé ìwòsàn kọ́ ni nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń ya ẹ́síréè ní tirẹ̀, físíò ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ka oògùn fúnni ní fámásì àti ẹni tó ń tọ́jú fáìlì. Ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àjọ yẹn nìkan ló lè sọ pé o tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, Nursing and Midwifery Council of Nigeria ni. Medical Laboratory Science Council of Nigeria ló ni àwọn ará láàbù, Radiographers Registration Board of Nigeria ló ni àwọn tó ń ya ẹ́síréè. Àwọn físíò wà lábẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board. Pharmacy Council of Nigeria ló ń forúkọ àwọn pharmacy technician sílẹ̀, Health Records Officers Registration Board ló ni àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Àwọn CHEW, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè tí ẹ máa ń bá ní ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọba kọ́ sí àdúgbò, wà lábẹ́ Community Health Practitioners Registration Board.

Wo orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa. "Auxiliary nurse" kò sí nínú wọn. Kò sí àjọ tó ń fún auxiliary ní ìwé-àṣẹ, kò sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ yóò wọ̀. Ìwé tí wọ́n bá fún ọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò lè mú ọ dé ilé ìwòsàn ìjọba kankan gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, bí o sì ti wù kí o fi ọdún mẹ́wàá ṣe é. Mi ò fi èyí kẹ́gàn àwọn tó ń ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ tó dára àti àánú lójú, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn, pé ẹni tó yẹ kó di nọ́ọ̀sì gidi jókòó síbi tí kò ní ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Báwo ni wàá ṣe mọ èyí tó bá ọ mu? Bí o bá fẹ́ràn láti wà nítòsí aláìsàn, láti bá a sọ̀rọ̀, láti wẹ̀ ẹ́, láti ṣọ́ ọ mọ́jú, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, tí jíjókòó ti máíkírósíkóòpù kò sì sú ọ, lọ sí láàbù. Bí o bá jẹ́ ẹni tó lè fi sùúrù kọ́ ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ bí a ṣe ń rìn fún oṣù mẹ́ta gbáko, físíò ń dúró dè ọ́. Ní tèmi, àwọn èèyàn kì í ka iṣẹ́ CHEW sí tó bó ṣe yẹ. Ní àwọn abúlé tó yí Ìmọ̀tà ká, CHEW ni aboyún máa ń kọ́kọ́ rí, òun ló ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Iṣẹ́ gidi ni, o sì lè ti ibẹ̀ kàwé síwájú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ tí ẹ ń rò pé ó ti pẹ́ jù: Kofoworola Abeni Pratt ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nílùú Èkó, ó ti lọ́kọ, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London ní 1946. Òun náà ló wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́tírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn ńlá UCH Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: to ìwé rẹ pọ̀ kí o tó ra fọ́ọ̀mù

Fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, krẹ́díìtì márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì, láti inú WAEC tàbí NECO, kí ìjókòó rẹ̀ má ju méjì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló kéré jù. Físíìsì ló máa ń há àwọn ọmọbìnrin wa jù, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú, tíṣà Físíìsì kan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta. Bí o bá wà ní SS1 tàbí SS2 báyìí, ibẹ̀ ni kí owó lẹ́sìn rẹ lọ. Má dúró dìgbà tí èsì bá jáde.

O nílò JAMB bí ó bá jẹ́ yunifásítì lò ń lọ. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì náà ti ń kúrò ní ètò àtijọ́ bọ́ sí ND àti HND, JAMB sì ti wọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Nítorí náà, ṣe JAMB, ibi yòówù kí ojú rẹ wà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé, èyí tí mo ti rí i tí omijé ti ibẹ̀ jáde. Kí o tó san kọ́bọ̀ kan, lọ sórí wẹ́ẹ̀bù àjọ iṣẹ́ rẹ, kí o wo orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ pé àwọn "ń bá àjọ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́", dá owó rẹ padà sápò. Ìdí ni pé, lẹ́yìn tí o bá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí àjọ, èyí tí à ń pè ní indexing. Ẹni tí wọn ò bá ṣe indexing rẹ̀ kò lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní ààyè fún àádọ́ta ọmọ lọ́dọ̀ àjọ, á sì gba ọgọ́rùn-ún ó lé. Béèrè nọ́ńbà indexing rẹ kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí wàá ti kàwé, àti ọ̀nà tí wàá gbà débẹ̀

Èkó ní Lagos State College of Nursing ní Ìgandò, ó ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ní Ìdí-Àràbà kan náà ni Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, físíò àti ẹ́síréè. Lagos State College of Health Technology wà ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ CHEW, pharmacy technician àti àkọsílẹ̀ ìlera.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Láti Ìkòròdú sí Ìgandò, wàá la Mile 12 àti Kétu kọjá, kí o tó tún wá ọkọ̀ mìíràn. Mo mọ ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ lójoojúmọ́ nítorí ó fẹ́ máa lọ láti ilé. Kò pé sáà kan tó fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Bí ọ̀nà bá wà, gba họ́sítẹ́ẹ̀lì fún ọdún méjì àkọ́kọ́, pàápàá nígbà tí posting, ìyẹn ìgbà tí wọ́n á máa gbé yín lọ kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, bá bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, wá mọ̀lẹ́bí tó ń gbé nítòsí ilé ẹ̀kọ́ kí o tó ra fọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣètò ara rẹ kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn

Àjẹsára Hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni kí o kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un: ti àkọ́kọ́, ti èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ti ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Ṣe àyẹ̀wò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gbà á tán, tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì bóyá ara rẹ ti ní ohun ìjà tó tó. Lọ́dọ̀ àwọn ará láàbù, ohun tó bá ti tó 10 mIU/mL sókè ló dára. Nítorí pé oṣù mẹ́fà ló ń gbà, bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má dúró de ilé ẹ̀kọ́.

Ra bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, tí kì í yọ̀, tí kì í pariwo. Ra aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá. Fóònù ò lè rọ́pò rẹ̀. Ra ìwé pélébé tó lè wọ àpò aṣọ, àti bírò dúdú àti pupa. Èyí tó bá kù, ilé ẹ̀kọ́ á sọ fún ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: posting ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ọjọ́ tí ìwé-àṣẹ bá jáde ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rí i ní gbogbo ọdún tí mo ti fi wà nínú iṣẹ́ yìí, mẹ́tírọ́ọ̀nù ti mọ ẹni tí òun máa bèèrè tó bá di ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́, nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Bóyá ní General Hospital Ìkòròdú ni wọ́n gbé ọ lọ, tàbí ní Àgbówà, tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ojú ń wò ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, dé wọ́ọ̀dù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú aago. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí o kí àgbà bí ilé ṣe kọ́ ọ, sọ orúkọ rẹ, ilé ẹ̀kọ́ rẹ àti ọdún tí o wà. Má gbàgbé ìyá tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó ti wà níbẹ̀ pẹ́ ju dókítà púpọ̀ lọ, ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà, ó sì mọ aláìsàn tó sunkún mọ́jú. Dúró tì wọ́n nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́. Kọ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, àti ohun tí wọ́n ní kí a máa ṣọ́ lára rẹ̀. Nínú ìdajì wákàtí yẹn, wàá kọ́ ohun tí ìwé máa fi orí kan gbáko ṣàlàyé.

Wíwọn ara ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sí ọ lọ́wọ́: ìgbóná ara, ìlù ọkàn, mímí àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Má fojú kéré rẹ̀. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ìgbóná ara máa ń wà láàárín 36.5 sí 37.5, ìlù ọkàn láàárín 60 sí 100, mímí láàárín 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Mímí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń parọ́ rẹ̀ jù; wọ́n á wo ẹni náà fìrí, wọ́n á kọ 20. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Di ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni pé ìlù ọkàn rẹ̀ lo ṣì ń kà, kí o wá máa wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tó bá mọ̀ pé à ń ka mímí òun kì í mí bó ṣe yẹ mọ́. Ọmọ tó wà láàárín oṣù méjì sí mọ́kànlá tó ń mí tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó ń mí tó 40, sáré lọ pe àgbà. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ́ kí màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ Màrúwá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí ó dákẹ́. Bí ẹ bá ń tàkúrọ̀sọ lọ́wọ́, èyí tí o máa rí ò ní jẹ́ òótọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí ni wọn ò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, níbẹ̀ sì ni ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ti lè wúlò jù. Dókítà kan lè wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ìwọ ni wọn yóò pè pé kí o túmọ̀. Màmá á ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ mí lẹ́nu." Bí o bá sáré sọ pé ìdí yíyọ ni, o ti ṣì í. Àwọn kan ń pe ìgbẹ́ ọ̀rìn ní jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn kan ń pe ẹ̀yìn ríro bẹ́ẹ̀, ọkùnrin mìíràn sì ń fi sọ pé nǹkan ọkùnrin òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Béèrè pé, "Màmá, ibo gan-an? Báwo ló ṣe ń ṣe yín? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde?" Kí o wá kọ ọ̀rọ̀ tí màmá lò gan-an sílẹ̀, kí o sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀. "Ibà pọ́njú" ni ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n yẹ́lò á sọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́. "Gìrì" ni ìyá á pe ti ọmọ tó gan: béèrè bóyá ara ọmọ gbóná kó tó gan, ìgbà mélòó ló gan, àti ohun tí wọ́n fún un ní ẹnu nígbà tó gan. "Àyà mi ń já" lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ ọkàn tó ń sáré. Má yan ọ̀kan fún un. Béèrè.

Ìbéèrè kan tún wà tí ohùn tí o fi béèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìbéèrè gan-an lọ: àgbo. Bí o bá la ojú mọ́ ìyá àgbà pé, "Ṣé ẹ ò mu àgbo ṣá?" á ní òun ò mu ún. Sọ pé, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ẹ tó wá, ó dájú pé wọ́n á ti fún yín ní nǹkan nílé. Kí ni ẹ rí lò?" Á sọ fún ọ, títí kan èyí tí wọ́n pò mọ́ ọtí. Kí dókítà mọ èyí ṣáájú kó tó kọ oògùn lè gba ẹ̀mí là.

Fọ ọwọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ wà ní àkókò tí o bá ṣe é: kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí o tó ṣe ohun tó gba ìmọ́tótó bíi dídi ojú ọgbẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá kàn ọ́, lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì tàbí ohun tó yí i ká. Ti omi àti ọṣẹ tó 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ìbọ̀wọ́ kò rọ́pò rẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ ò bá yọ lọ́jọ́ náà, pọn omi sínú ike, kí ẹnì kejì máa bù ú sí ọ lọ́wọ́.

Má ṣe dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí o ti lò. Inú àpótí ààbò yẹ́lò ni kí ó lọ tààrà. Bí ó bá gún ọ, fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, má fún un, má fi ẹnu fà á, sọ fún àgbà wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV wà, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì yá ló dára jù. Ọjọ́ 28 ni wàá fi lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á bú òun. Àbúrò mi, jẹ́ kí wọ́n bú ọ.

Ẹni tó bá rò pé à ń ṣe àṣejù, kí ó rántí ọdún 2014. Ní oṣù keje ọdún yẹn ni Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ láti jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá jáde nílé ìwòsàn wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó kú náà. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́, èèyàn 20 ló ti kó o, èèyàn 8 ló ti kú. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan ni wọ́n ti dá a dúró.

Bí wọ́n bá ní kí o ṣe ohun tí o kò tíì ṣe rí, gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí o mọ̀ sórí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì ṣe é rí. Ẹ dúró tì mí kí n ṣe é." Ẹnikẹ́ni tó bá bínú sí ọ nítorí rẹ̀, jẹ́ kó bínú. Ká ní mo ti mọ gbólóhùn yẹn ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni!

Ìkòròdú kéré ju bó ṣe rí lójú. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún yín lè wọ wọ́ọ̀dù rẹ lọ́la. Ohun tó bá ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ dé etí ìyá rẹ. Òfin National Health Act ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Ọdún yẹn náà ni òfin jáde pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí ẹni tó ní HIV. Má ya fọ́tò nínú wọ́ọ̀dù sí status WhatsApp, kódà bí ojú ẹnikẹ́ni ò bá hàn níbẹ̀. Orúkọ lè wà lára káàdì tó so mọ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ.

Ohun tí o bá ṣe ni kí o kọ, pẹ̀lú aago tí o ṣe é, kí o sì buwọ́ lù ú. Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo la á já kí èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà; má fi tipex pa á rẹ́. Má kọ ohun tí o kò tíì ṣe sílẹ̀ de ìgbà tí wàá ṣe é.

Iṣẹ́ òru àti ọjọ́ Orò

Jẹun gidi kí o tó lọ. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní aago méje alẹ́ sàn ju bisikíìtì aago méjì òru lọ. Nígbà tí òru bá parí, má kúrò nílé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kéde Orò ní Ìkòròdú, obìnrin kì í jáde ní àkókò tí wọ́n dá, aláìsàn sì ń bẹ ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé, tí ìkéde bá ti jáde, a ó bá àwọn nọ́ọ̀sì ọkùnrin ṣàyípadà iṣẹ́, tàbí kí a ti dé ilé ìwòsàn láti alẹ́ àná kí a sì sùn síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìpààrọ̀ àti oúnjẹ. Sọ fún mẹ́tírọ́ọ̀nù ṣáájú. Má fi ọ̀rọ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ náà kí o tó máa pe fóònù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: láti ìdánwò sí owó oṣù àkọ́kọ́

Ìdánwò àjọ kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń sọ ọ́ di RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí àjọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí RM fún agbẹ̀bí. Bí o bá yege, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gba digírì ní nọ́ọ̀sì, láàbù, físíò tàbí ẹ́síréè á ṣe ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà NYSC. Àyè ìkọ́ṣẹ́ yìí há, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà nígbà tí o ṣì ń retí èsì, má gbájú mọ́ Èkó nìkan.

Bí o bá fẹ́ ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní, bíi ti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry, Health Service Commission ló ń gbani. Fún àwọn ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò, Primary Health Care Board ni. Ìwọ̀n owó oṣù tí wọ́n ń pè ní CONHESS ni wọ́n fi ń san fún nọ́ọ̀sì àti àwọn ará láàbù, ẹ́síréè àti físíò. Ti dókítà yàtọ̀. Iṣẹ́ aládàáni máa ń yá rí ju ti ìjọba lọ. Gba ìwé àdéhùn tó kọ owó rẹ, wákàtí rẹ àti ìsinmi rẹ sílẹ̀ kí o tó wọṣẹ́, kí o sì wo bóyá nọ́ọ̀sì tó ní ìwé-àṣẹ wà níbẹ̀ tí o lè kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni RN láàárín àwọn auxiliary mẹ́jọ, orúkọ rẹ ni wọn yóò máa fi ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ ò sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń wo òkè òkun. Mi ò ní bá yín jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ nọ́ọ̀sì gbé ìwé jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí ìwé-àṣẹ rẹ̀ fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìwé-àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì yarí sí i, síbẹ̀ kí ẹ wo òfin tó bá wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ní ọdún tí ẹ bá fẹ́ lọ. Àkọsílẹ̀ ibi tí o ti ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ọ̀gá, ni kí o máa tọ́jú láti oṣù àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì ń parí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì wà tí wàá ṣe kí o tó sọ ọ́ dọ̀tun. Ní ọjọ́ tí o bá gbà á, ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ibi iṣẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ, ọ̀kan sórí íméèlì rẹ. Kọ ọjọ́ tó máa parí sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, kí o sì fi oṣù mẹ́fà ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò.